Ọmọ Mi Ní Aáyán Wọ̀ Mí Lọ́fun

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi yìí.

Ọ̀fìnkìn ti gba ohùn lẹ́nu mi láti àná. Lónìí, èmi àti Sàfúrá ọmọ mi lọ sílé oògùn ní Kotobabi, ní Accra níbí. Mo sọ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Bá mi sọ fún oníoògùn yìí pé kòkòrò ti wọ̀ mí lọ́fun, kó fún mi ní kápúsù."

Accra ni mo bí Sàfúrá sí. Kòkòrò tó mọ̀ ò kọjá eṣinṣin àti aáyán. Ló bá fi Twi, èdè wọn níbí, sọ fún ọkùnrin tó ń ta oògùn pé aáyán fò wọ màmá òun lọ́fun.

Ọkùnrin náà gbé tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n la ẹnu. Ó wò ó títí, kò rí aáyán.

Mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù fún un pé kòkòrò àìsàn ni mò ń wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Maame, èwo nínú wọn? Aràn inú ń bá èèyàn jẹun, ojú sì ń rí i. Bakitéríà ò ṣeé fojú rí, àmọ́ kápúsù yìí ń pa á. Fáírọ́ọ̀sì ló wà lára yín. Ó kéré sí bakitéríà fíìfíì, kápúsù ò sì ràn án."

Mo wo Sàfúrá tìbínú-tìbínú. Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin lẹ pe gbogbo wọn ní kòkòrò."

Ẹ wo bí mo ṣe jẹ̀bi ẹjọ́ tí mo pè.

Ọkùnrin náà ní kí n máa fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ọ̀nà ọ̀fun, kí n má sì sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta.

Sàfúrá ní, "Mẹ́ta péré? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ sí Accra, Yorùbá yín wo làwọn ọmọ yín ti yí dà? Ẹ kọ ọ́ síbí, màá fèsì. Ohùn mi ló há, ọwọ́ mi ò há.