Òkúta Sàréè Tí Mo Kọ Orúkọ Ọmọ Mi Sí

Kí n tó jókòó sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo ti ṣe àlùwàlá. Ẹni tó ṣe àlùwàlá kì í fi ẹnu ọ̀hún purọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá sì gbà mí gbọ́, kó máa bá tiẹ̀ lọ, mi ò ní torí ìyẹn bá a jà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, mi ò fi iyọ̀ kún un.

Ilé kékeré ni mò ń ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ìgbògbò náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni àgbàlagbà obìnrin ń fi ilé ọmọlángidi ṣe. Pílíwúùdù ni mo fi ń kọ́ ọ, kò ga ju orúnkún lọ. Ilé tó ń bani lẹ́rù ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń ṣọdún iwin ní ìparí oṣù kẹwàá. Oníbàárà mi kan ní Lẹ́kí ló ń kó o. Òun ló ń tà á fún àwọn ilé ìwé olówó ńlá tí àwọn ọmọ wọn ń bá wọn ṣe irú ọdún bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló ń bá mi gé àwọn pákó wẹ́wẹ́ tí mo fi ń ṣe ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́: àdán, òwìwí, aláǹtakùn, òṣùpá, igi tí kò léwé, elégédé tí wọ́n gbẹ́ eyín sí lẹ́nu. Tó bá gé e tán, èmi á fi sáńpépà ha á, màá fi ọ̀dà kùn ún. Tó bá ti gbẹ, màá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé. Dúdú ni mo máa ń kun ògiri. Ojú fèrèsé, àwọ̀ ọsàn ni mo máa ń fi sí i, kó lè dà bíi pé ẹnì kan tan iná sínú ilé. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, kí n má fi ìtìjú pa á mọ́.

Mo bímọ kan rí. Rófíà lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ni èmi máa ń pè é.

Ìwó lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bí mi. Ará Ẹ̀pẹ́ ni bàbá Rófíà, ọ̀kan lára àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́, àwọn tí babańlá wọn ti Ìsàlẹ̀ Èkó sá wá síbẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan láàárín àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìkòròdú, à ń di bisikíìtì sínú páálí. Bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ máa ń gbé wa kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí n tó délé. Ta ni màá fi ọmọ tì? Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ ọdún méje ni.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni wọ́n pè mí pé ara Rófíà gbóná. Mo ní kí wọ́n fún un ní oògùn ibà, pé mo ń bọ̀ ní Sátidé, nítorí ọ̀gá wa ò ní gbà kí n kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Mo ní Sátidé. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè ni wọ́n tún pè, wọ́n ní kí n máa bọ̀ kíákíá. Ohùn ẹni tó pè mí ti sọ ìyókù fún mi. Nígbà tí mo fi máa dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti kírun Àìlà tán, wọ́n sì ti sin ọmọ mi.

Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Èyí tó dùn mí ni pé wọn ò fi ibẹ̀ hàn mí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà wa máa ń sọ, pé òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní bí ìyá bá mọ ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀ títí tí òun náà á fi tẹ̀ lé ọmọ lọ. Mo bi ọkọ mi, ó dìde, ó jáde. Mo bi ìyá ọkọ mi, ó ní kí n gbé e fún Ọlọ́hun. Àwọn méjèèjì ti dolóògbé báyìí, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dání lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó mọ ibẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá Lásísì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, torí òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ náà lọ sin. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò lè sọ.

Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo mọ òwe yẹn, ẹ má wulẹ̀ pa á fún mi. Àmọ́ ìyá tí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí, ibo ló máa kọjú sí tó bá fẹ́ ṣàdúà fún un? Mi ò bí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń fẹ́ láyé yìí nìyẹn, kí n mọ ibẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà mi ní kí n ṣe ogún ilé. Ó ní kí n fi òkúta sàréè kọ̀ọ̀kan síwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Pákó náà ni o, kí n kàn kùn ún ní àwọ̀ eérú kí n sì kọ orúkọ sí i. Ó fi àwọn orúkọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, orúkọ òyìnbó gbogbo. Mo kà á, ọ̀kan dín. Mo pè é, ó ní kí n fi orúkọ èyíkéyìí tó bá wù mí sí èyí tó kù, pé ta ló máa wò ó.

Ilé tó pé ogún yẹn, mi ò mọ bí ọwọ́ mi ṣe ṣe é. Mo ti ṣe àwọn yòókù bí àwòrán tó fi ránṣẹ́, iṣẹ́ náà ti sú mi. Ìgbà tí n ó fi wò ó, ilé àwọn ọkọ mi ní Ẹ̀pẹ́ ni mò ń kọ́: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, fèrèsé onípákó, àtẹ̀gùn tó gba ẹ̀gbẹ́ gòkè, igi àgbálùmọ̀ ńlá kan lẹ́yìn ilé. Mo mú pákó òkúta sàréè tó kù, mo kọ Rófíà sí i. Mo sọ lọ́kàn mi pé sàréè tí ẹ fi pa mọ́ fún mi, èmi ti ṣe tèmi. Mo lẹ̀ ẹ́ síwájú ilé, mo sunkún díẹ̀, mo sì lọ na ẹ̀yìn.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Ìyá kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sàréè ọmọ, bó tiẹ̀ jẹ́ ti pákó.

Ọ̀sán gangan ni. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ìwó, wọ́n máa ń lé wa wọlé lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní ìgbà yẹn ni àwọn tí a ò rí máa ń rìn. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ ká lọ sùn ni. Ẹ gbà mí gbọ́, wọn ò purọ́.

Nígbà tí mo jí, òkúta sàréè náà ò sí níwájú ilé mọ́. Ó wà lẹ́yìn, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Mo ní ooru ló yọ́ gọ́ọ̀mù, àbí mo gbàgbé ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ sí. Mo dá a padà, mo fi ìṣó kékeré méjì kàn án mọ́lẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo jáde lọ pọn omi, mi ò pẹ́ rárá. Mo wọlé, mo rí i lábẹ́ igi. Ìṣó méjèèjì wà lórí tábìlì, wọ́n tò wọ́n síra wọn, ọ̀kankan wọn ò wọ́.

Ara mi bù máṣọ. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Inú mi ń dùn lábẹ́ ẹ̀rù yẹn. Mo ní ọmọ mi ló wá fi ibẹ̀ hàn mí, ó ti rí i pé àwọn àgbà ò ní sọ.

Ní ọjọ́ kẹta, mi ò lọ síbì kankan. Mo dá òkúta náà padà síwájú ilé, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó ti tábìlì. Gbogbo ará ilé ti lọ síbi iṣẹ́, ìta dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni mímí. Mímí kan tó ń yára, bí ọmọ tí ibà ń ṣe ṣe máa ń mí lójú oorun.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ọwọ́. Ọwọ́ ọmọdé kan yọ láti ìsàlẹ̀ tábìlì lódìkejì, ó di òkúta sàréè mú, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Àpá kan wà lẹ́yìn ọwọ́ náà. Mo mọ àpá yẹn. Ògì gbígbóná ló dà sí i nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, èmi ni mo fi òróró pa á títí tó fi jinná.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ tábìlì. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo gbójú sókè, ọwọ́ náà ṣì wà lórí tábìlì. Wáláhì, bó ṣe rí nìyẹn.

Mo na ọwọ́ tèmi, mo dì í mú. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọwọ́ òkú máa ń tutù. Irọ́ ni. Ọwọ́ ọmọ mi gbóná janjan. Láti ọdún mẹ́jọ, ibà ọjọ́ náà ṣì wà lára rẹ̀.

Mo ní, “Àbẹ̀kẹ́.”

Ohùn kékeré kan dá mi lóhùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. “Màámi.”

Kò tún sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́.

Oorun ò kùn mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo gbé ilé náà sínú àpò Gánà, mo wọkọ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú, a gba Ìtòíkín, mo sì gbé e lé itan títí a fi dé Ẹ̀pẹ́. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé kí ló wà nínú ẹ̀, mo ní ilé ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Bọ̀ọ̀dá Lásísì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé ilé náà síwájú rẹ̀, mo to òkúta sàréè sí ibi tí ọmọ náà ń gbé e sí, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pe méjì. Mo sọ fún un pé kò ní láti la ẹnu. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ igi yẹn ni, kó kàn dákẹ́, màá mọ̀.

Ó dákẹ́. Ó wo ilé náà títí, tẹ̀sùbáà ò sún lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo dojú bolẹ̀ nídìí igi àgbálùmọ̀. Ẹkún tí mi ò rí ibi sun láti ọdún mẹ́jọ, mo sun ún níbẹ̀. Mo ń fọwọ́ pa ilẹ̀ náà bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́yìn. Mo ń sọ fún un pé mo ti rí i, pé mo ti mọ ibẹ̀ báyìí. Mi ò mọ ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá dé ẹ̀yìn mi.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Ìyàwó, dìde. Kò sí níbẹ̀.”

Mo ní ó ń purọ́ fún mi. Ẹ wò ó, èmi ìyàwó ilé, mo wo ojú ọkọ mi àgbà, mo pè é ní òpùrọ́. Kò bínú. Ó fìdí lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, arúgbó tí orúnkún ń dùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ó ní ọjọ́ mẹ́ta tí ibà yẹn fi ṣe Rófíà, kò gbà kó sùn nínú yàrá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á wọ́ ẹní rẹ̀ wá sídìí igi yìí, nítorí ibẹ̀ lèèyàn ti lè rí gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró létí títì. Wọ́n á gbé e wọlé, á tún rápálá jáde. Ó ní màámi òun ń bọ̀. Lówùúrọ̀ Tọ́sìdeè, lẹ́yìn ìrun Ààsùbáà, ọkọ̀ kan láti Ìkòròdú dúró. Bọ̀ọ̀dá ní òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbórí sókè, ó wo obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe èmi. Ó gbórí lélẹ̀, kò sì gbé e mọ́.

Ojú oorun ni wọ́n sọ fún mi pé ó kú sí.

Bọ̀ọ̀dá ní, “Kì í ṣe sàréè nìkan la fi pa mọ́ fún ẹ.”

Mi ò bi í nípa sàréè mọ́ lọ́jọ́ náà. Títí di òní, mi ò tíì bi í. Ẹnu wo ni n ó fi bi í?

Mo fún oníbàárà mi ní mọ́kàndínlógún, mo ní ọ̀kan là. Èyí tó pé ogún wà lórí tábìlì mi níbí. Mo ní kí káfíńtà gé obìnrin kékeré kan fún mi. Mo kùn ún, mo gbé e sábẹ́ igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta Rófíà. Mo ní, “Mo ti dé, Àbẹ̀kẹ́.” Mo sì jáde fún un lọ́sàn-án.

Nígbà tí mo wọlé, òkúta ṣì wà nídìí igi. Obìnrin náà ló ti wà létí tábìlì lọ́hùn-ún, níbi tó jìnnà sí ilé jù lọ, ó kọjú sí ilé bí ẹni tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Mo gbé e sún mọ́ ọn, ó dá a padà. Bá a ṣe ń ṣe é láti ìgbà náà nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń dé, ojoojúmọ́ ló ń gbé mi padà sójú títì. Mi ò mọ̀ bóyá kò dá mi mọ̀ ni, àbí kò gbà pé èmi ni. Àáfà kan ní kí n dáná sun ilé náà. Mo ní mo gbọ́. Mi ò tíì sun ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má kọ orúkọ òkú yín sórí ohun ìṣeré. Bí ẹ bá pè wọ́n, wọ́n á jẹ́ yín, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn tiwọn ni wọ́n máa bá wá. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ jẹ́ kí ẹ fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, bí wọ́n bá pè yín pé ara ọmọ ò yá, ẹ wọ bàtà yín kí ẹ máa lọ. Ẹ lè pe ọ̀gá yín tí ẹ bá ti wà nínú ọkọ̀.