Ojúgun Tinúkẹ́ àti Ìkẹ́ Wa

Tinúkẹ́ Oyèdìran, ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ẹni tó ń jókòó. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ló ń ṣe ní Thamesmead, nílẹ̀ òyìnbó níbí. Bó bá ti jáde nílé ẹnì kan, ilé ẹlòmíràn ló kàn, tòun ti orin lẹ́nu. Nígbà tó wá yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ní òpópónà Harrow Manorway, tí egungun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́, ọkàn gbogbo ìjọ wa dàrú.

Àwa kọ́ ni wọ́n máa kọ́ ní ìkẹ́. Kí Tinúkẹ́ tó sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, omi ti dé. Nínú àwọn ará ìjọ, Bernice ń gbóúnjẹ wá, Bíyìí ń gbálẹ̀. Bí Tinúkẹ́ bá ti fẹ́ dìde báyìí, wọ́n á pariwo: "Mummy, ẹ jókòó! Kí làwa ń ṣe ńbí?" Èmi náà á gbè wọ́n lẹ́yìn. Dókítà tó fi irin sí i lẹ́sẹ̀ ti ní kó máa fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ta ló ráyè tìyẹn? A ní òyìnbó ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá ọlọ́mọ.

Oṣù ń gorí oṣù, egungun ò so pọ̀. Dókítà ní bí àyẹ̀wò tó ń bọ̀ bá tún rí bákan náà, òun á tún la ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀rù ba Tinúkẹ́ gan-an.

Ni ọmọ rẹ̀, Ẹwàọlá, bá gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní yunifásítì nìyẹn: wọ́n á gbé àwòrán egungun tó ṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá ṣírò bó ṣe máa so bí ẹni tó ni ín bá ń rìn, àti bí kò bá rìn. Ó fi ẹsẹ̀ méjì han ìyá rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Èkíní ń gbé ìwúwo ara díẹ̀díẹ̀. Ojú ibi tó ṣẹ́ ń nípọn, ó ń le. Èkejì jókòó gẹlẹtẹ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Àlàfo rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí.

"Mummy, bone yẹn ń retí kí ẹ fún un níṣẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe wòlíì o, ó lè ṣì í, but ohun tí dókítà yín sọ náà nìyẹn."

"Ta wá ni ẹlẹ́sẹ̀ kejì yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Ma."

Láti ọjọ́ náà, Ẹwàọlá ò gbé nǹkan kan fún ìyá rẹ̀ mọ́, ó sì ní ká dín wíwá wa kù. Tinúkẹ́ á máa fi ọ̀pá rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, omijé á máa bọ́, ọmọ á káwọ́ mọ́ àyà, ojú rẹ̀ á le koko. "One more, Mummy." Bernice bínú: "Ọmọ tí wọ́n bí síbí! Kò láàánú lójú rárá." Inú bí èmi náà, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, èmi ni mo fi mọ́tò gbé wọn lọ. Dókítà nàka sí àwòrán: egungun tuntun ti ń dí àlàfo náà. Kò sí pé à ń la ẹsẹ̀ mọ́. Mo kígbe Halelúyà débi pé nọ́ọ̀sì yọjú. Inú mi dùn kọjá sísọ.

Tinúkẹ́ ò kígbe ní tiẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ẹwà, mo mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́."

"Kí ni, Mummy?"

"Tí mo bá ti rìn tán, tí wàá sáré lọ ṣí ẹ̀rọ omi nínú kitchen kó máa dà. Omi yẹn ò bo ẹkún ẹ mọ́lẹ̀, ọmọ mi."