Ìkọ́ Kẹrin

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta. Ìka mẹ́ta.

Àbúrò ìyá mi ló ni wọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń dúró nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀, níbi tí a ti ń ṣe ara ọkọ̀ ojú omi. Aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun ni a máa ń tò sínú àpótí irin, ogún ìpele léra wọn. Ẹ̀rọ á tẹ ìdérí mọ́ ọn, a ó fi ìkọ́ mẹ́rin há a, kí a tó da oje tó ń gan bí òkúta sí i.

Tẹ̀ẹ́-lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń pe àǹtí mi yìí, torí bó ṣe ń ṣe é nìyẹn: á tẹ̀ ẹ́, á tú u sílẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà kejì, àwọn fọ́nrán á ti ríbi wọ̀ sáàárín ara wọn, ìjà á ti dínkù lára aṣọ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá dúró tì í, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lónìí."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó rọ̀ ná. Ohun tí a bá fi agbára mú..."

"Ṣé aṣọ ni àbí ọmọ ọwọ́ tó fẹ́ sùn?"

"Ọmọ ọwọ́ sàn, ẹkún lásán ló máa sun. Eléyìí á ta padà."

Ọ̀gá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi kún agbára ẹ̀rọ títí ìdérí fi wọlé. "Há a!" Àǹtí mi há ìkọ́ mẹ́ta, ó di ẹ̀kẹrin mú. Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ sókè. Gbogbo ìjà aṣọ náà wá kù sọ́rùn àwọn ìkọ́.

Ẹ̀kẹrin já. Ó ta bí ọta ìbọn, ó gé ìka mẹ́ta, ó gbé wọn lu ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ta sójú aago náà. Àǹtí mi kò tíì pariwo tí ọ̀gá fi ní, "Mo ní kó o rọra!"

Èmi tí mo lọ yunifásítì ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ìjàǹbá. Ọ̀gá ní, "Àìfiyèsí ni kó o kọ, alákọ̀wé." Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á lé àǹtí mi dànù bí aláìmọṣẹ́.

Mo to ogún ìpele. Mo tẹ̀ ẹ́, mo wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìtẹ̀ kan láìdúró, agbára tó fi ń ta padà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìtẹ̀ kejì. Ohun tí mo kọ nìyẹn, pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, àǹtí mi bi mí pé: "Ṣé o kọ ọ́ pé mo ní kí wọ́n jẹ́ kó rọ̀ ná?"

"Mo kọ ọ́."

"Ó dáa."

Ìwọ tó fẹ́ fi "àìfiyèsí" rọ́pò ọ̀rọ̀ mi, lọ sídìí ẹ̀rọ yẹn. To ogún ìpele. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kó o fi ọwọ́ ara rẹ di ìkọ́ kẹrin mú.