Nọ́ńbà Ara Mábù

Ṣé Ọlọ́run lè pín nọ́ńbà tí kò ṣeé pín? Láti kékeré ni mo ti ń gbàdúrà, síbẹ̀ mi ò tíì rí èsì fún ìbéèrè yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi mí, òun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Àǹtí Ìṣirò.

Méje kò ṣeé pín dọ́gba, àfi kí olúkúlùkù mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹnì kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kì í tán. Bó ti wù kí èyí tí o rí tóbi tó, òmíràn tó jù ú lọ wà níwájú. Àwọn ràbàtà inú wọn ni Àǹtí ń wá kiri lórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan nínú yàrá àwọn olùkọ́. Lọ́jọ́ tó rí ọ̀kan tó gùn ju ìlà ìwé lọ, ó fò sókè, ó fi han olùkọ́ tó jókòó tì í. Onítáì là ń pe ìyẹn, torí pé ooru kì í mú un tú táì. Kò pẹ́, Onítáì gbé nọ́ńbà náà jáde bí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò lábùkù. Ni wọ́n bá sọ ọ́ di ọ̀gá ilé ìwé.

Àǹtí lọ bá a.

"Ẹ̀rí dà?" ni Onítáì wí. "Àbí ẹ kọ orúkọ yín sí i níwájú orí ni?"

Àǹtí kò sunkún. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Ó wá nọ́ńbà gbọọrọ mìíràn tí kò ṣeé pín, ó sọ ọ́ di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́sàn-án. Ohun tó jáde kò ṣeé fojú mọ̀: fi méjì pín in, fi mẹ́ta, fi méje, yóò ṣẹ́kù. Àmọ́ ayédèrú ni. Ó kọ ọ́ sójú pátákó, ó kọ "Mo tún rí òmíràn" sábẹ́ rẹ̀, ó gba ilé lọ. Nígbà tó padà dé láàárọ̀, wọ́n ti nu pátákó mọ́ tónítóní.

"Onítáì ti dà á kọ, kò sì ní yẹ̀ ẹ́ wò," ló sọ fún mi. "Ó mọ̀ pé èmi kì í ṣàṣìṣe. Ìgbàgbọ́ tó ní nínú mi ló máa gbé e ṣubú."

Wọ́n ti gbẹ́ nọ́ńbà ojú pátákó yẹn sára mábù níwájú gbọ̀ngàn tuntun ilé ìwé báyìí, orúkọ Onítáì ń dán yanran lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa ṣí i. Èmi tí mo jẹ́ pásítọ̀ ni wọ́n ní kí n wá gbàdúrà.

Mo bá Àǹtí níbi tó ti ń lọ aṣọ tó máa wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Mo ti fi í lé e lọ́wọ́ rí, wọ́n sì fi í jọ̀gá. Ṣé Ọlọ́run ò mọ ìṣirò ni?"

Èmi náà ti bi Í nírú rẹ̀ rí lórí ìkúnlẹ̀, mi ò kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ni.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"Tí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìlara ni. Ẹnu tìrẹ, ẹnu àdúrà ni. Wọ́n á gbà ọ́ gbọ́. Àbúrò mi, jọ̀ọ́, tí o bá ti ṣe àmín tán, kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́, bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fi ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́sàn-án pín in. Kò ní ṣẹ́kù."