Bíra Dókítà àti Agbo Bàbá Mi

Bàbá mi kì í mu ọtí. Bí ẹ bá pàdé wọn, kí ẹ tó kí wọn tán, wọ́n á ti sọ ọ́ fún yín. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń kórìíra ẹni tó ń mutí lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ilé ọtí kan wà lẹ́yìn ọgbà ọ́fíìsì náà tí àwọn ọ̀gá sọ ní Mítíìnì. Bí ẹ bá gbé ìwé wá lọ́sàn-án pé kí ọ̀gá buwọ́ lù ú, akọ̀wé á ní, "Ọ̀gá wà ní Mítíìnì," ẹ̀yin náà á jókòó, ẹ á máa rò pé wọ́n ń tún ìlú ṣe. Nígbà tí ọ̀gá bá máa fi dé, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, á buwọ́ lu ẹ̀yìn ìwé, á sì bi yín léèrè ìyàwó tí ẹ kò ní. Bàbá mi ò bá wọn dé Mítíìnì rí. Inú ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á mu ìdérí agbo jẹ̀dí kan, wọ́n á sì máa bú àwọn ọ̀mùtí.

Ẹ ṣáà mọ jẹ̀dí. Òun ni àìsàn tí àwa Yorùbá fi ń ṣàlàyé ẹ̀yìn ríro, inú kíkùn, oorun ọ̀sán àti ọ̀lẹ. Agbo rẹ̀ pín sí méjì: àwọn alágbo ń fi omi rẹ ọ̀kan, wọ́n ń fi ògógóró rẹ èkejì. Bàbá mi ní olómi kì í ran tàwọn. Ọlọ́tí ni wọ́n ń mu, láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde, lọ́sàn-án lẹ́yìn oúnjẹ, kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ ọtí mọ́ ọn. Agbo ni. Oògùn ni. Ẹni tó bá pè é ní nǹkan míì, ìjà ló ń wá, wọ́n á sì fún un.

Irú bàbá yìí ló ń bọ̀ wá yẹ dókítà wò fún àbúrò mi obìnrin. Úmúrà ni wọ́n lọ gba físà fún, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni ọmọkùnrin náà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Jẹ́dà níbi tí èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ilé mi ló ti pàdé àbúrò mi nígbà tí àbúrò mi wá kí wa láti ilé. Ọmọ náà ń kírun, ó ń bọ̀wọ̀ fágbà, ó sì fẹ́ràn àbúrò mi débi tí ó fi máa ń rẹ́rìn-ín sí fóònù bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú.

Bàbá ti lé àwọn tó wá ṣáájú ẹ̀. Wọ́n lé ọ̀kan nítorí irun orí ẹ̀. Wọ́n lé ọ̀kan nítorí pé ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó. Àbúrò mi sọ fún mi lórí fóònù pé, "Àǹtí mi, bí wọ́n bá lé eléyìí náà, mi ò ní mú ẹnikẹ́ni wá mọ́. Màá jókòó ti Bàbá nínú ilé yẹn títí tá a fi máa sú ara wa." Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo ṣèlérí fún un pé màá ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Mo ṣọ́ ọ dáadáa lóòótọ́. Mo sọ fún dókítà aṣọ tó máa wọ̀, mo sọ fún un ibi tó máa dọ̀bálẹ̀ sí, mo ní kó má sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ohun tí mi ò rántí sọ ni pé kó má sọ èdè Jẹ́dà. Ohun mímu tí a ń pè ní mọ́ọ̀tì nílé, tí àwọn ọmọdé ń mu níbi ìsọmọlórúkọ, bíra ni wọ́n ń pè é ní Jẹ́dà. Bíra ápù wà, bíra ọsàn wẹ́wẹ́ wà, kò sí ẹ̀kán ọtí kan nínú ẹ̀, àwọn ìmáàmù pàápàá ń mu ún. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbí kò rántí mọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ míì níbòmíràn.

Nígbà tí Bàbá ti balẹ̀ sílé wa, ọ̀sán gangan ni dókítà dé, láti ibi iṣẹ́, ó ṣì wọ aṣọ funfun wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó wá ṣí báàgì tó gbé wá, ó kó àwọn ìgò aláwọ̀ ewé jáde, ìrì ń sẹ̀ lára wọn.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o, Àlàájì. Mo ní kí n má wá lọ́wọ́ òfo. Bíra tútù ni. Òun ni èmi náà máa ń mu níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án."

Ó ṣí ọ̀kan, ó hó kùú. Ẹyin lohùn. Mo wo Bàbá, Bàbá ń wo ìgò.

"Iṣẹ́ abẹ lo ní ò ń ṣe, àbí?" wọ́n bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O máa ń la ikùn èèyàn?"

"Lójoojúmọ́, sà."

"Lẹ́yìn bíà?"

Ọmọ ọlọ́mọ rò pé bíra ni wọ́n fẹ́ pè tí ahọ́n wọn kọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Nígbà míì lẹ́yìn ẹ̀, nígbà míì ṣáájú ẹ̀, sà. Bí ọwọ́ bá ṣe dilẹ̀ ni."

Bàbá ní àwọn fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Dókítà padà síbi iṣẹ́ tayọ̀tayọ̀. Kò pẹ́ tó fi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Àǹtí, ó dà bíi pé Bàbá gba tèmi. Wọ́n béèrè iṣẹ́ mi dáadáa." Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Mo jókòó ti Bàbá, mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Mo ní mọ́ọ̀tì ni. Mo ní kò ní ọtí nínú. Wọ́n ní, "Bíà tí kò ní ọtí nínú. Ẹlẹ́dẹ̀ tí kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń ta ìyẹn náà níbí?" Mo mú wọn lọ sí Balad, ìlú àtijọ́ tó wà láàárín Jẹ́dà, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń tajà búra fún wọn pé halaali ni. Bàbàgbà kan jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ ọ̀tún, bíra lọ́wọ́ òsì. Èmi rò pé mo ti borí. Bàbá mi wo ọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Jẹ́dà ti bàjẹ́ tán. Ẹ gbé mi lọ sí Mẹ́kà."

A gbé wọn lọ. A gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Jaruwali, níbi tí kò jìnnà sí Mọ́sálásí Ńlá. Wọ́n ṣe úmúrà wọn láìsí wàhálà, ọkọ mi sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Jẹ́dà, ó fi èmi àti Bàbá sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ kírun ọ̀sán nínú oòrùn tó ń ta bí iná ààrò. Nígbà tí mo wọ yàrá wọn lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

"Òòyì ń kọ́ mi," wọ́n ní. "Mo mu agbo díẹ̀ kí n tó jáde, kò tó, mo tún mu díẹ̀ nígbà tí mo dé."

Ìgò oyin kan wà lórí tábìlì. Mo ṣí i, mo tún dé e kíákíá. Agbo ọlọ́tí wọn ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti gbé nǹkan yìí gba iwájú àwọn aṣọ́bodè Saudi kọjá, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé oyin ìgàn. Ká ní wọ́n yọ ìdérí ẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú ni, ọ̀rọ̀ ìyàwó kọ́ là bá máa sọ, ẹ̀bẹ̀ là bá máa bẹ kiri. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi, mi ò mọ èyí tó ṣáájú.

"Ẹ jẹ́ kí n pe dókítà."

"Má pe ọ̀mùtí yẹn sí mi lórí."

Mo pè é. Inú mọ́tò tó ń gbé e bọ̀ láti Jẹ́dà ló ti ń bi mí bí wọ́n ṣe ń mí. Nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wọn ìfúnpá wọn, ó tan iná wo ojú wọn, ó rọra béèrè ohun tí wọ́n mu.

"Omi sàmúsámù inú mọ́sálásí," Bàbá ní. "Àti agbo mi."

Ó mú ìgò náà, ó ṣí i, ó gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dé e. Ojú ẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "Àlàájì, ooru ló mú yín, omi ló gbẹ lára yín. Agbo yìí le jù fún ilẹ̀ ibí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e kúrò ńlẹ̀." Ó wọ ilé ìwẹ̀, mo gbọ́ tí omi ń dà, ó pẹ́ tó ń dà. Ó jáde pẹ̀lú ìgò òfìfo tó ti fọ̀ mọ́ tónítóní. Ó po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún wọn, ó dúró tì wọ́n títí wọ́n fi mu ún tán.

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Dókítà, ṣé o mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn?"

"Agbo ni, Àǹtí," ó ní. "Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ pé Àlàájì gbé agbo wá síbí."

Ó padà lọ síbi iṣẹ́. Èmi dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ọlọ́run ṣeun fún àbúrò mi, ni mo ń sọ, ọkọ nìyí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara Bàbá ti yá. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo ní, "Bàbá, ẹ rí bí ọmọ yẹn ṣe sáré wá. Kí ni kí n sọ fún àbúrò mi?"

"Kó wá ẹlòmíì."

"Kí ló tún ṣe?"

"Ṣé o ò rí imú ẹ̀ ni? Ó gbóòórùn agbo mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti dà á nù. Ó rò pé ọtí ni. Ẹni tí kì í mutí, ibo ló ti mọ òórùn ọtí?"

"Agbo ló pè é, Bàbá. Ẹnu ẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi."

"Ẹnu lásán. Imú ọ̀mùtí ni imú yẹn."

Mo fẹ́ gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Mo kọjú sí wọn. Mo ní, "Bàbá, èmi náà ò mutí rí láyé mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣí ìgò yẹn lánàá, mo mọ òórùn ẹ̀. Ara yín ni mo ti mọ̀ ọ́n, láti kékeré, nígbà tí ẹ bá tibi iṣẹ́ dé tí ẹ gbé mi lé ẹsẹ̀."

Kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ sí wọn rí nínú ilé wa. Mo ń retí èébú. Wọn ò bú mi. Wọ́n gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí fóònù mi, wọ́n ní kí n bá wọn pe àbúrò mi.

"Sọ fún ọmọkùnrin yẹn kí àwọn ẹbí ẹ̀ máa bọ̀," wọ́n sọ fún un.

Mo ń gbọ́ ohùn àbúrò mi láti ibi tí mo dúró sí, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó ń ṣe. Bàbá jẹ́ kó sọ tán.

"Gbọ́ ná," wọ́n ní. "Wọ yàrá mi. Ìgò méjì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kó wọn jáde, kó o da wọ́n sí gọ́tà."

Àbúrò mi béèrè ohun tó wà nínú wọn. Bàbá wò mí, wọ́n gbójú kúrò.

"Ọtí ni," wọ́n ní.