Kẹ́ẹ̀gì Tó Kù Lábẹ́ Ibùsùn

Ìyá mi àgbà kúnlẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù funfun rẹ̀, ó gbé etí lé kẹ́ẹ̀gì epo pupa, ó sì ń mì í díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, yóò dún. Epo gidi kì í pariwo. Òórùn epo àti ti oògùn ọsibítù ló máa ń kún yàrá wa l'Ókìtìpupa.

Nọ́ọ̀sì ni. Ní àwọn ọdún 1990 yẹn, owó oṣù lè má dé, owó àjẹmọ́nú iṣẹ́ alẹ́ sì lè ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù tí owó kéré jù ló fi ń díwọ̀n oúnjẹ wa. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, yóò fi ra epo láti Akotogbo nígbà tí epo bá pọ̀, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, tí yóò máa tà lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá wọ́n.

Nígbà tí mo wà ní pírámárì kẹfà, owó oṣù mẹ́ta kò dé. Kẹ́ẹ̀gì kan ló kù lábẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ìkẹyìn tí wọn yóò gba owó ìdánwò mi. Ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin elépo kan dé láti Àyèká láti rà á, ó sì pariwo nígbà tó gbọ́ iye rẹ̀.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé góòlù lẹ dà sínú rẹ̀ ni?"

"Gbé etí sí i. Bí o bá gbọ́ omi, máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Nọ́ọ̀sì kékeré tó wá pè é lọ síbi iṣẹ́ dá sí i: "Ẹ má tà á o, Mà! Wọ́n ní wọ́n ti fọwọ́ sí owó wa. Epo ṣì máa wọ́n sí i."

Mo ń wo ẹnu wọn, mo ń jẹ èékánná.

"Ọmọ yìí ò lè fi 'wọ́n ní' ṣe ìdánwò," ni ìyá mi àgbà wí.

Ó tà á ní owó tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ka owó ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kó o sínú àpò aṣọ ilé ìwé mi, ó sì rán ẹnu àpò náà pa bí ẹni ń rán ojú ọgbẹ́. Abẹ ni tíṣà fi tú u.

Owó oṣù kò dé títí a fi ṣe ìdánwò tán. Nígbà tó dé lódindi, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ló kọ́kọ́ wọlé, kí ẹran tó kan ìkòkò wa.

Aṣọ ni mò ń rán jẹun báyìí, owó tèmi náà kò dúró sójú kan. Èmi náà ń ra epo pamọ́; bí kẹ́ẹ̀gì mi bá ku ẹyọ kan, n kì í lè jókòó. Àwọn ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín: "Màmi, ẹ fẹ́ ṣí ilé epo ni?" Báńkì là ń san owó ilé ìwé wọn sí, kò sí àpò tí mo lè rán pa. Síbẹ̀, títí ilé ìwé yóò fi sọ pé owó náà ti wọlé, ọwọ́ mi máa ń wá abẹ́rẹ́ kiri.