Orúkọ Keje Lára Pátákó Odò Agogo

Ẹ bá mi kí pátákó! Pátákó iṣẹ́ ìlú, ọba onírin tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni pé òun ló la ọ̀nà. Ìwọ tí ò ń sọ ẹni tí kò ru abọ́ yanrìn kan rí di baba àwọn tó rù ú. Òjò ń pa ọ́, o ò ráhùn. Kànga gbẹ lẹ́yìn rẹ, ọ̀dà ara rẹ ṣì ń dán. Ta ni yóò rí orúkọ ara rẹ̀ lára rẹ tí ọrùn rẹ̀ ò ní gùn díẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ pátákó kan ní ìlú wa. Ìlú kékeré ni, láàrin Ṣakí àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ṣì ń gbé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ohun tí mò ń kọ sórí Fesibúùkù mọ̀ pé pátákó ni oúnjẹ mi. Èmi ni mo ya fọ́tò pátákó ẹ̀rọ omi kan tí kò pọn omi rí, tí mo kọ ọ́ sábẹ̀ pé, ‘Ẹ wá mu ọ̀dà.’ Ẹ rẹ́rìn-ín títí! Mo lọ yunifásítì, tíṣà sì ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ètò ìjọba. Mo gbà pé ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ irú àṣehàn yẹn. Àbí?

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, lẹ́yìn ìmọ́tótó, àdúgbò wa máa ń ṣèpàdé ní fàráńdà ilé ìwòsàn kékeré. Kánsẹ́lọ̀ yóò wá sọ ohun tí kánsù ṣe lóṣù yẹn, gọ́tà tí wọ́n kó, iná tí wọ́n fẹ́ tàn. Àwa náà yóò ráhùn, a ó ṣàdúrà, a ó túká. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ló ń ṣojú wa lọ́dọ̀ kánsù. Èmi ni akọ̀wé. Ràfíù ni alága.

Ẹ dúró kí n ṣàlàyé Ràfíù fún yín. Ẹ̀yìn mi ló ń jókòó sí nílé ìwé. Lọ́jọ́ ìdánwò, ọrùn rẹ̀ máa ń gùn ju ti ògòǹgò lọ. Kò ka ìwé mẹ́wàá kó tó yà sídìí òwò kajú. Òun ni gbogbo ìlú wá ń pè ní Alága, òun ni wọ́n ń fún ní àga tó ní tìmùtìmù. Èmi tó ń jí ìwé mi wò lọ́jọ́ ìdánwò, àga onírọ́bà ni tèmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti sán.

Nínú ìpàdé oṣù kan, Kánsẹ́lọ̀ dìde, ó ní kánsù ti gbọ́ igbe wa lórí Odò Agogo. Ó ní Ràfíù ti wá sí sẹkitéríàtì lóṣooṣù débi pé mégáàdì ti mọ ìró ọ̀kadà rẹ̀. Kánsù yóò gbé àwọn òrùka kọnkéré ńlá wá àti símẹ́ǹtì, àwa yóò pèsè yanrìn, òkúta àti ọwọ́, a ó sì fi ṣe afárá.

Ṣé ẹ mọ Odò Agogo? Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀. Tí òjò bá dé, ó di ọ̀gá. Òun ló wà láàrin àdúgbò wa àti ọjà òun ilé ìwé. Ìyá mi ń ru ẹ̀gúsí kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, pẹ̀lú orúnkún kan tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́dún tó kọjá, odò gba igbá ẹ̀gúsí lórí rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó gba òun náà. Nítorí náà, afárá yìí gbọ́dọ̀ parí kí òjò tó dé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí èmi ò fi í sọ́kàn.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi fẹ́ẹ̀ dùn! Àfi ìgbà tí Kánsẹ́lọ̀ fi kún un pé a ó gbé pátákó síbẹ̀, orúkọ Alága Ràfíù yóò sì wà lára rẹ̀, gàdàgbà.

Nǹkan kan já nínú mi bí okùn ṣòkòtò.

Mo délé, ìyá mi ò jẹ́ kí n jókòó. ‘Tìjání, o gbọ́ ohun tí Ràfíù ṣe? Ọlọ́hun yóò gbè é o! Ìwọ tí o lọ yunifásítì, kí ni wọ́n kọ orúkọ ẹ sí?’

Mo ní ó wà lára sáfíkéètì mi.

‘Èyí tó wà nínú àpótí? Ta ló ń gba orí ẹ̀ kọjá?’

Mi ò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, mo dìde. Ẹnu mi dùn bí oyin lọ́jọ́ náà! Mo ní iṣẹ́ ìlú kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, nítorí náà orúkọ gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ló yẹ kó wà lára pátákó. Owú ni, mo kàn fi òwe dá aṣọ fún un ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ràfíù gan-an pàtẹ́wọ́!

Ibẹ̀ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ta ni yóò ṣíwájú?

Bàbá Ọdẹ, olórí àwọn ọdẹ àdúgbò, ní òun ni. Ó kọjú sí Alhaja tó ń ṣe olórí àwọn obìnrin, ó ní, ‘Alhaja, nígbà tí bàbá mi pa ẹfọ̀n létí odò yẹn, wọn ò tíì bí ìyá yín.’

Alhaja tún gèlè rẹ̀ wé. ‘Ó dáa náà, Bàbá Ọdẹ. Kí ẹfọ̀n yẹn wá ru yanrìn. Tí orúkọ mi bá wà nísàlẹ̀, obìnrin kankan ò ní jáde.’

‘Àwọn ọdẹ náà ò ní kó òkúta!’

Bẹ́ẹ̀ ni oṣù yẹn ṣe lọ. Oṣù kejì náà lọ. Kánsù ti gbé òrùka kọnkéré wá, wọ́n wà létí odò, koríko ń hù yí wọn ká. Ewúrẹ́ kan bí ìbejì sínú ọ̀kan. Ẹ ò rí i pé ó rí ẹni tó lo òrùka yẹn!

Ràfíù wá bá mi nílé. Kò jókòó. Ó ní, ‘Tìjání, jọ̀ọ́. Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ tìẹ. Sọ fún wọn kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò pátápátá, ká ṣáà ṣiṣẹ́. Òjò ti ń ṣú níhà Ìgbẹ́tì.’

Ṣé ojú tì mí? Rárá o. Ohun tí mo rò ni pé, ẹ wo alárèékérekè, ó fẹ́ kí wọ́n tún yìn ín fún ìrẹ̀lẹ̀! Mo jowú ipò alága rẹ̀, mo tún wá ń jowú ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo ní, ‘Alága, ìlànà ni ìlànà.’

Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò pé kí a tò ó ní bí ọjọ́ orí bá ṣe tẹ̀ léra. Ẹ ò ní gbà gbọ́: mo gbé ìwé ọjọ́ ìbí mi wá sí ìpàdé! Oṣù mẹ́ta ni mo fi ju Ràfíù lọ. Èmi ni ìkeje, òun ni ìkẹjọ. Akọ̀wé wà lórí, alága wà lábẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, àga onírọ́bà mi dàbí ìtẹ́.

Wẹ́dà fi irin tó nípọn ṣe pátákó náà. Nítorí orúkọ mẹ́sàn-án, ó ga ju ilẹ̀kùn méjì lọ. A gbé e ró lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Mo ya fọ́tò rẹ̀ nígbà mọ́kànlá. A ní iṣẹ́ gan-an yóò bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Òjò ò wo kàlẹ́ńdà. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó dé bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ ọjà.

Mo sin ìyá mi dé etí odò láàárọ̀. Àwọn obìnrin ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, omi pupa ń sáré kọjá níwájú wọn. Kò sẹ́ni tó lè ru ẹrù wọ̀ ọ́. Ràfíù dé, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó wo omi, ó wo pátákó. Ó pe àwọn ọkùnrin mẹ́ta. Wọ́n fa pátákó tu! Wọ́n yí òrùka kan sáàrin omi, wọ́n sì na pátákó lé e láti etí kan dé èkejì, ojú rẹ̀ sókè.

Mo fẹ́ pariwo pé ẹ má ha ọ̀dà rẹ̀ o. Ọlọ́hun ló gbà mí, Ràfíù ti gun orí rẹ̀.

Ràfíù kọ́kọ́ rìn ín wò. Ó padà dúró lórí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lórí Bàbá Ọdẹ, ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lórí Alhaja. Ó kan ìyá mi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

‘Ràfíù, ṣé kò léèwọ̀? Orúkọ àwọn àgbàlagbà mà nìyẹn.’

‘Ẹ tẹ̀ ẹ́, Ìyá Tíṣà. Ibi tí mo dúró sí yìí ni tèmi, ẹ fẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́.’

‘Èwo ni ti Tìjání?’

Ó nawọ́ sí i. Ìyá mi rọra rìn títí ó fi dé ibẹ̀. Ìyá mi tí kò mọ̀wé! Ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ sókè kó má baà tẹ orúkọ mi. Orúnkún yẹn kọ̀ fún un. Igbá ẹ̀gúsí fì, òun náà fì. Ràfíù fi ọwọ́ kan di apá rẹ̀ mú, ó fi èkejì di igbá mú.

Èmi ńkọ́? Mo dúró létí odò, mo di bàtà mú.

Nígbà tó dé òdì kejì, ó ní, ‘Ràfíù, Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí o ṣubú.’ Ó wá yíjú sí mi. ‘Ju bàtà mi sí mi.’

Ní Sátidé, omi ti fà, kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni. Alhaja ló kọ́kọ́ ru yanrìn dé. Bàbá Ọdẹ gbé òkúta títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dùn ún. Ọjọ́ méjì la fi parí afárá tí a ti fi oṣù mẹ́ta jà lé lórí. Pátákó ti tẹ̀, ó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, adìyẹ ń sùn sórí rẹ̀. Afárá wa ò ní orúkọ kankan lára. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn wá ń pè é? Afárá Ràfíù! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ìyẹn náà ṣì ń ta mí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé owú kì í sọ pé owú ni òun. Ìlànà ló máa pe ara rẹ̀, yóò sì gbé bíírò dání. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ẹnu dídùn dá iṣẹ́ rere dúró rí nítorí ẹni tó ń ṣe é? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má jẹ́ kí èmi nìkan dá ìtìjú yìí ru.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ ọjà yẹn, nígbà tí gbogbo wọn ti kọjá tán, mo gun orí pátákó náà. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. Mo fa áńkáṣíìfù yọ, mo bẹ̀rẹ̀, mo nu ẹrẹ̀ kúrò lára orúkọ keje.

Ìkeje nìkan. Èmi náà ṣe é.